Ohun Tí Ẹ̀jẹ̀ Ń Sọ Nígbà Tí Àkóràn Bá Ti Wọ Ara

Nínú abala ìmọ́tótó àti ìlera wa ti oṣù yìí, ẹ̀jẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ìdí tí àwọn dókítà fi máa ń gbà á lára aláìsàn lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tún padà wá gbà á lẹ́ẹ̀kejì, àti ìdí tí ẹ̀mí fi lè wà nínú èyí ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun Alásàrì, wọ́n gbé bàbá àgbẹ̀ kan wá láti oko kòkó kan lẹ́yìn Òdòdé-Ìdànrè sí ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní Àkúrẹ́. Iṣẹ́ mi ni yíyẹ ẹ̀jẹ̀ wò nínú láàbù, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí kí n tó rí òun fúnra rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ni àdá ti ṣá a lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń fọ́ kòkó. Wọ́n fi ewé àti epo dì í. Nígbà tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, wọ́n ra oògùn ibà fún un ní kẹ́míìsì. Nígbà tí ibà náà kò lọ, wọ́n fi kápúsù kún un.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, ara rẹ̀ kò gbóná mọ́, inú àwọn ará ilé sì dùn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, tó ń fi orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú pe ìyàwó rẹ̀. Ẹnìkan nínú ilé ní àlùjànnú ni, wọ́n sì gbé e lọ sọ́dọ̀ Àáfà. Kí Ọlọ́hun san Àáfà náà lẹ́san rere. Ó di bàbá lọ́wọ́ mú, ó rí i pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù bí omi inú àmù, ó sì rí i pé ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dùbúlẹ̀. Ó ní àdúà tí òun máa ṣe, inú ọkọ̀ lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ ni òun ti máa ṣe é. Báyìí ni wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ wa.

Ohun tó ń ṣe bàbá náà ni àwọn dókítà ń pè ní sepsis. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ pé àkóràn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn súnmọ́ òtítọ́, àmọ́ kò pé. Kòkòrò àrùn lè má sí nínú ẹ̀jẹ̀ rárá. Ó lè wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, nínú ilé ọmọ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, nínú ọ̀nà ìtọ̀, nínú ìdodo ọmọ tuntun, tàbí nínú egbò bíi ti bàbá yìí. Ohun tó ń gba ẹ̀mí nínú sepsis ni bí ara fúnra rẹ̀ ṣe gbógun ti kòkòrò náà láìmọ̀wọ̀n. Ẹ wo àwọn ọdẹ àdúgbò tí olè wọ àárín wọn lóru, tí wọ́n wá ń yìnbọn kiri nínú òkùnkùn títí tí ọta fi ń ba àwọn onílé. Olè lè ti sá lọ, ilé ti bàjẹ́. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ìṣègùn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ tún ìtumọ̀ rẹ̀ ṣe: sepsis ni ìgbà tí ìjà tí ara ń bá àkóràn jà bá ti ń ba àwọn ẹ̀yà inú ara jẹ́ débi tó lè la ikú lọ.

Àìsàn yìí kò ṣọ̀wọ́n. Ìwádìí kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn tó ń jẹ́ Lancet gbé jáde ní 2020 ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2017 nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 48.9 ènìyàn ló ní in káàkiri ayé, mílíọ̀nù 11 nínú wọn ló sì kú. Ìyẹn ni pé nínú ènìyàn márùn-ún tó kú lọ́dún yẹn, ọ̀kan jẹ́ ti sepsis. Àwọn ọmọdé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn tó mú, ilẹ̀ Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà sì wà lára ibi tó ti ń jà jù. Nílé wa, orúkọ mìíràn ni a sábà máa ń fún un. A ó ní ibà ló pa á, tàbí táífọ́ọ̀dù, tàbí pé ayé ló ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo rí nínú ẹ̀jẹ̀ bàbá náà. Láti sọ ọ́, mo ní láti mú yín gun òkè wa díẹ̀.

Ẹni tó bá ti gun Òkè Ìdànrè rí mọ̀ pé àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀ta. Bí ẹ bá sáré gùn ún, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi máa mí hẹlẹ, tí itan yín yóò sì wúwo. Iṣan ẹsẹ̀ ń fẹ́ agbára ju èyí tí atẹ́gùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé bọ̀ lè tó fún. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sun ṣúgà bí ààrò tí igi rẹ̀ tutù, iná díẹ̀, èéfín púpọ̀. Èéfín yẹn nínú ẹ̀jẹ̀ ni a ń pè ní lactate. Bí ẹ bá jókòó sórí àpáta tí ẹ sinmi, ẹ̀dọ̀ yóò gbá a kúrò díẹ̀díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò sì padà sí bó ṣe wà.

Ẹ wá ro ti ẹni tó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, tí kò gun òkè kankan, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì dà bí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń sáré gun Òkè Ìdànrè. Ẹni bẹ́ẹ̀ ń gun òkè kan tí a kò fojú rí. Ẹ̀jẹ̀ kò dé ibi tó yẹ kó dé nínú ara rẹ̀, tàbí pé ara ń fi gbogbo agbára jà, tí ẹ̀dọ̀ kò sì lè gbá èéfín náà kúrò mọ́. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, lactate kì í sábà ju 2 lọ lórí ìwé àyẹ̀wò. Bó bá ti kọjá 2 lára ẹni tó ní àkóràn, dókítà yóò fura, kódà bí aláìsàn ṣì ń jókòó tó ń sọ̀rọ̀. Bó bá dé 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀ràn náà ti wúwo gan-an. Bó bá wá di pé wọ́n ti fa omi sí i lára, tí ìfúnpá rẹ̀ ṣì ń já wálẹ̀ àyàfi tí oògùn bá gbé e ró, tí lactate sì ṣì ju 2 lọ, àwọn onímọ̀ ọdún 2016 yẹn rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó wà ní ilé ìwòsàn, ó ju ogójì tó ń kú.

Ti bàbá àgbẹ̀ wa jẹ́ 3.4. Ìfúnpá rẹ̀ kò tíì já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ kò sì gbóná. Ẹni tó bá fojú lásán wò ó lè ní kó gba abẹ́rẹ́ kó sì máa lọ sílé. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ pé kò gbọdọ̀ lọ.

Kì í ṣe lactate nìkan ni wọ́n ń wò. Ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń fi lé ẹbí lọ́wọ́ ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ni jagunjagun ara, iye wọn sì máa ń wà láàárín 4 sí 11 bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé bó bá gòkè, àkóràn lè wà. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé bó bá já wálẹ̀ jù, ẹ̀rù tún wà níbẹ̀, torí ó lè jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun ti ń tán lójú ìjà. Platelet ni ó máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì lójú egbò. Bó bá bọ́ sí abẹ́ 150, tó ń lọ sí 100, tó ń lọ sí 50, ó lè jẹ́ àmì pé sepsis ń jinlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibà lásán náà máa ń fà á wálẹ̀. Creatinine ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣe sí, bilirubin ń sọ ti ẹ̀dọ̀. Àwọn dókítà máa ń pa àwọn wọ̀nyí pọ̀ mọ́ bí aláìsàn ṣe ń mí, bí ìfúnpá rẹ̀ ṣe rí àti bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń jí sí, wọn a sì fún un ní máàkì. Bí máàkì náà bá ṣe ń pọ̀ ni ewu ń pọ̀.

Méjì kan tún wà tí ẹ lè gbọ́ orúkọ wọn. CRP ni ẹ̀dọ̀ ń ṣe nígbà tí ara bá ń jà. Kì í tètè gòkè. Ó lè gbà tó ọjọ́ kan sí méjì kó tó dé téńté, nítorí náà, bí ó bá kéré ní wákàtí àkọ́kọ́, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí pé kò sí nǹkan. Procalcitonin ń tètè gòkè jù ú lọ, láàárín wákàtí mélòó kan, bí kòkòrò bakitéríà bá ń jà. Bí oògùn bá sì ń ṣiṣẹ́, ó máa ń dín kù sí bí ìdajì lójoojúmọ́, èyí tó ń ran dókítà lọ́wọ́ láti mọ ìgbà tó yẹ kó dá oògùn dúró. Owó rẹ̀ ga, kò sì sí níbi púpọ̀. Ibà tó le náà lè gbé e sókè, nítorí náà kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dá ẹjọ́ rò.

Níbi tí a bá ọ̀rọ̀ dé yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan. Èkejì ló ń sọ ọ́. Bí lactate bá ti ju 2 lọ, ó yẹ kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ gbà láàárín wákàtí méjì sí mẹ́rin, láti mọ̀ bóyá ó ń sọ̀ kalẹ̀ tàbí ó ṣì ń gun òkè.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì padà lọ bá bàbá náà lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti ìgò tuntun, àkọ́bí rẹ̀ dìde dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ìgò mẹ́ta lẹ gbà lọ́sàn-án. Ẹni tí kò lókun, tí kò jẹun, ẹ tún fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀? Kí lẹ fi tọ̀sán ṣe?” Kò pariwo, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ló ń bà á, owó tó wà lápò rẹ̀ sì ti ń tán lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá náà tó jókòó sí ẹ̀yìn ní òun ti gbọ́ pé wọ́n ń tà á.

Mo gbà pé a jẹ̀bi níbẹ̀, àwa òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn. A kì í ṣàlàyé. Ìgò mẹ́ta tó gbà lọ́sàn-án kò ju ṣíbí tíì méjì sí mẹ́ta lọ, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà tó nǹkan bíi lítà márùn-ún, ìyẹn ẹgbẹ̀rún kan ṣíbí tíì. Tèwo ni ẹnikẹ́ni máa tà nínú ṣíbí méjì? Ká ní ẹnìkan ti sọ èyí fún ọmọ náà lọ́sàn-án, a kò bá má fi wákàtí kan àti ààbọ̀ jiyàn lálẹ́. Ìyàwó bàbá ló pe Àáfà lórí fóònù, Àáfà sì ní kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n gbà á.

Èsì kejì jáde: 5.2. Oògùn apakòkòrò ti wọlé, omi ti wọlé, síbẹ̀ ó ń gòkè. Ohun tí èyí ń sọ fún dókítà ni pé ibì kan wà tí kòkòrò náà sá pamọ́ sí, tí oògùn kò dé. Wọ́n tú ẹsẹ̀ náà, tí òkè rẹ̀ ti fẹ́ máa jiná. Oníṣẹ́ abẹ là á lóru ọjọ́ náà, ọyún sì tú jáde lábẹ́ awọ títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n gé ìka ẹsẹ̀ méjì tó ti kú. Nígbà tí a ń múra ìrun Àsúbà, ẹ̀jẹ̀ kẹta dé ọ̀dọ̀ mi: 2.9. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, 1.6. Bàbá mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ padà. Ọmọ rẹ̀ kó ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ọ̀rá kan, ó ní òun máa tọ́jú wọn pa mọ́ pẹ̀lú ìwé ilẹ̀.

N kò ní sọ ìtàn tó parí sí rere nìkan, kó má baà dà bíi pé ọwọ́ tiwa mọ́. Ọdún díẹ̀ ṣáájú ìyẹn, wọ́n gbé obìnrin kan dé, ọjọ́ kẹfà tó bímọ. Òtútù ń mú un, inú ń dùn ún, ohun tó ń dà lára rẹ̀ sì ń rùn. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo yẹ̀ ẹ́ wò: 6.8. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, mo kọ ọ́ sínú ìwé èsì, mo sì gbé e sínú àwo tí wọ́n ti máa ń wá kó èsì, bí mo ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. N kò gbé fóònù. Iná lọ, àwọn tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa ń pààrọ̀, ẹni tó yẹ kó wá mú un kò tètè wá. Wákàtí méjì àti ààbọ̀ ni ìwé yẹn fi wà níbẹ̀. Obìnrin náà jáde láyé kí ilẹ̀ tó mọ́.

Àwọn kan sọ fún mi pé kádàrá ni. Mo gba kádàrá gbọ́, ó wà nínú ìgbàgbọ́ mi, n kò sì lè búra pé ká ní mo pè wọ́n, kò ní kú. Ṣùgbọ́n kádàrá kì í ṣe ibi tí à ń kó àìṣe tiwa pamọ́ sí. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2006, rí i pé bí ìfúnpá bá ti já wálẹ̀ nítorí sepsis, wákàtí kọ̀ọ̀kan tí oògùn apakòkòrò tó bá a mu bá fi pẹ́ máa ń dín ìrètí ìyè kù ní bí ìdá 7.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti ọjọ́ náà, bí lactate bá ti ju 4 lọ, èmi fúnra mi ni mò ń sáré gbé e lọ.

Ó wà nínú àṣà wa nísinsìnyí pé bí ara bá ti rẹ ènìyàn, kí wọ́n fa omi sí i lára. Àwọn kan ń lọ fà á ní kẹ́míìsì, igo méjì, igo mẹ́ta. Ẹ ṣọ́ra. Ní Lusaka, olú ìlú Zambia, àwọn dókítà ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 2017 lórí àwọn àgbàlagbà tí sepsis ti já ìfúnpá wọn wálẹ̀. Wọ́n fún apá kan ní omi púpọ̀ kíákíá gẹ́gẹ́ bí ìlànà ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì tọ́jú apá kejì bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba omi púpọ̀, 48 ló kú. Nínú àwọn yòókù, 33. Lóòótọ́, àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn ló ní kòkòrò HIV, nítorí náà a kò lè da ọ̀rọ̀ náà bo gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìyẹn, ní 2011, ìwádìí ńlá kan lórí àwọn ọmọdé ní Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tàǹsáníà, tí àwọn ọmọ náà ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ, rí irú nǹkan kan náà: àwọn tí wọ́n da omi sí lára lẹ́ẹ̀kan náà kú ju àwọn tí wọ́n rọra fún lọ. Lactate tó ga kì í ṣe àṣẹ pé kí a da omi. Ó ń sọ bí kòtò ṣe jìn tó, dókítà ló máa mọ irú àkàbà tó máa sọ̀ sí i.

Ẹ lè wá bi mí pé níbi tí kò ti sí ẹ̀rọ lactate ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní àwọn ìlú kéékèèké ni kò ní in, kí a má tilẹ̀ wá sọ ti abúlé oko. Ìdáhùn rẹ̀ wà lórí ìka yín. Ní 2019, ìwádìí kan jáde láti ilé ìwòsàn 28 ní orílẹ̀-èdè márùn-ún ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù, lórí aláìsàn 424 tí sepsis ti dá wó. Wọ́n fi lactate darí ìtọ́jú apá kan, wọ́n sì fi ìka títẹ̀ darí ti apá kejì: wọ́n á tẹ orí ìka aláìsàn títí tí yóò fi funfun, wọ́n á mú ọwọ́ kúrò, wọ́n á sì ka ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ̀jẹ̀ fi padà síbẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n fi lactate darí, bí 43 kú. Nínú àwọn tí wọ́n fi ìka darí, bí 35. Ìyàtọ̀ náà kò tó èyí tí àwọn onímọ̀ lè fi búra, àmọ́ ó tó láti fi hàn wá pé kì í ṣe ohun yẹ̀yẹ́ ni títẹ ìka.

Ẹ lè ṣe é nílé. Ẹ gbé ọwọ́ aláìsàn sókè díẹ̀, ẹ tẹ orí ìka rẹ̀ tàbí èékánná rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ tú u sílẹ̀, kí ẹ sì kà. Bí àwọ̀ rẹ̀ kò bá padà kí ẹ tó ka mẹ́ta tán, tí ọwọ́ náà sì tutù, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ẹ̀yin ìyá wa àti ìyàwó ilé tí ẹ máa ń fi làálì sí èékánná, ẹ rántí pé làálì máa ń bo àwọ̀ náà. Ẹ̀yìn ìka, ìyẹn ìhà àtẹ́lẹwọ́, ni kí wọ́n tẹ̀, tàbí ìka tí kò ní làálì. Ara wa dúdú, nítorí náà ẹ wo ètè, àtẹ́lẹwọ́ àti inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i bí ẹ̀jẹ̀ ti ń sá.

Ẹ ka èémí rẹ̀ pẹ̀lú fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Àgbàlagbà tó dùbúlẹ̀ tó ń mí tó 22 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà nínú ewu. Ọmọ ìkókó tó bá ń mí tó 60, tó kọ ọmú, tàbí tí ara rẹ̀ tutù dípò kó gbóná, kò gbọdọ̀ sùn nílé. Ẹni tí kò tọ̀ láti àárọ̀, ẹni tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹni tí ibà rẹ̀ ṣàdédé lọ tí ara rẹ̀ kò sì le sí i, gbogbo wọn ni kí ẹ gbé lọ. Ẹ má jẹ́ kí àdúà di ẹni ọ̀nà dúró. Àwọn tó jẹ́ SS, àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, àwọn arúgbó àti obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tiwọn tètè máa ń burú. Ìmọ́tótó ló ń dí ọ̀nà tí kòkòrò ń gbà wọlé: ọṣẹ àti omi mímọ́ lójú egbò oko ní kíá, kì í ṣe epo àti ewé; jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine sí ìdodo ọmọ tuntun, kì í ṣe ìgbẹ́ màlúù tàbí oògùn eyín; abẹ tó mọ́ àti ọwọ́ tí a fọ̀ nígbà tí a bá ń dá abẹ́ fún àwọn ọmọkùnrin wa.

Nígbà tí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ti lò dání, pẹ̀lú páálí rẹ̀, títí kan àgbo. Kápúsù tí wọ́n ti lò nílé lè mú kí kòkòrò náà má hù nígbà tí a bá gbin ẹ̀jẹ̀ nínú láàbù, a kò sì ní mọ oògùn tó máa pa á. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa, ibà tí kò gbọ́ oògùn ibà lè jẹ́ ibà Lassa, tí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ ní ibi ìtọ́jú fún. Nítorí náà ẹ má fi pamọ́ bí eku bá ń wọ inú oúnjẹ yín. Kí ẹnìkan nínú ẹbí máa bi dókítà léèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé: mélòó ni nígbà tí a dé, ìgbà wo ni wọ́n tún un wò, ṣé ó ń sọ̀ kalẹ̀?

Bí wọ́n bá fi ẹ̀jẹ̀ lé yín lọ́wọ́ kí ẹ gbé e lọ sí láàbù mìíràn, bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa, ẹ má gbà á kí ẹ tún yà sí ibi oúnjẹ. Ẹ̀jẹ̀ inú ìgò ṣì wà láàyè. Ó ṣì ń sun ṣúgà, lactate rẹ̀ sì ń gòkè bí ẹ ṣe ń rìn nínú oòrùn. Èsì tó bá ti ibẹ̀ jáde kò ní jẹ́ ti aláìsàn yín mọ́. Ẹ bi wọ́n bóyá yìnyín ni kí ẹ fi gbé e, kí ẹ sì gba ọ̀nà tó tètè dé.

Àwọn kan ti bi wá nípa àwẹ̀ àti àlùwàlá. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ló sọ pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n gbà fún àyẹ̀wò kò ba àwẹ̀ jẹ́. Ẹni tó ní irú àìsàn yìí sì ti gba àyè láti má gbààwẹ̀, yóò san án padà nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Bí abẹ́rẹ́ omi bá wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó tú báńdéèjì nítorí àlùwàlá. Ọ̀nà ìrọ̀rùn wà nínú ẹ̀sìn fún ibi tí omi kò gbọdọ̀ kàn. Ẹ bi Àáfà mọ́sáláásí yín, yóò fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn yín.